Ìdákọ̀ró Tí Wọ́n Rọ ní Oǹdó

Irin tó gba ẹ̀mí mi là lórí omi, ìlú Oǹdó ni wọ́n ti rọ ọ́, kò sì jìnnà sí ilé bàbá mi rárá. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí ọkọ mi wá tọrọ mi, bàbá ọkọ mi dìde láàárín ìjókòó, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ tọ̀. Wọn ò padà. Ìyá mi ti gbé iyán kalẹ̀, iyán ti ń tutù, bàbá mi sì ti ń fajú ro, wọ́n ń bi ara wọn pé ṣé àwọn ará etí omi yìí ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ìgbà tí a máa wá wọn rí, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n ń fọwọ́ júwe bí ọkùnrin náà ṣe máa bá wọn tẹ irin abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù di ìdákọ̀ró, ìyẹn irin oníga mẹ́rin tí àwọn atukọ̀ ń jù sísàlẹ̀ omi kí ọkọ̀ wọn má baà ṣí kúrò lójú kan. Wọ́n ní irin tí àwọn ń rà létí omi kì í pẹ́ tó fi ń jẹrà. Bàbá mi ní tó bá jẹ́ irin ni wọ́n wá fẹ́, kí wọ́n máa gbé irin lọ, kí wọ́n fi ọmọ òun sílẹ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, a sì lọ jẹ iyán tútù.

Ó ti pẹ́. Àkúrẹ́ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé báyìí, ní Ìsìkàn, ìṣirò ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé girama. Omi tí mo mọ̀ láyé mi kò ju omi kànga lọ, àti odò kékeré kan tí a ti ń fọ aṣọ nígbà tí mo wà ní kékeré, tí kò mu èèyàn kọjá orókún. Ọmọ Ìlàjẹ ni ọkọ mi. Ilé bàbá wọn dúró lórí òpó lójú omi, ìrìn wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin sì ni láti ibẹ̀ dé èbúté Igbókòdá, bí èèyàn bá fi ọkọ̀ ìgbòkun rìn ín.

Ojú bàbá ọkọ mi ti ń ṣókùnkùn láti ọdún mélòó kan. Nǹkan funfun bo ẹyinjú wọn méjèèjì. Wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn ló dúró síwájú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò ní mọ ẹni tó jẹ́, àfi tó bá sọ̀rọ̀. Dókítà kan ní Àkúrẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun lè yọ ọ́ kí wọ́n sì tún máa ríran. Ó dá ọjọ́, bàbá ní àwọ̀n àwọn ya. Ó dá ọjọ́ mìíràn, bàbá ní wọ́n ń ṣòkú ládùúgbò. Ó wá dá ẹ̀kẹta, ó jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ní lẹ́yìn ìyẹn òun ń rìnrìn àjò tó máa pẹ́, àti pé ojú náà ti ń le sí i. Bí wọ́n bá tún fi í sílẹ̀, ó lè dé ibi tí iṣẹ́ abẹ ò ti ní ràn án mọ́. Ọkọ mi pe bàbá lórí fóònù títí. "Ó dáa, ó dáa" ni wọ́n ń wí. Ẹni tó bá gbé pẹ̀lú àgbà rí mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá nìyẹn.

Ọkọ mi ò ráyè kúrò níbi iṣẹ́, ó bá rán mi. Ojú lọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe orí fóònù. Bàbá lè bá ọmọ tí wọ́n bí jà, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí wọ́n wo ojú ìyàwó ilé kí wọ́n ní rárá. "Tóo bá ti kúnlẹ̀," ọkọ mi kìlọ̀ fún mi, "má dìde o."

Mo dé ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì kúnlẹ̀. Àlàfo wà láàárín pákó ilẹ̀ wọn, mò ń rí omi tó ń kọjá lábẹ́ eékún mi. Bàbá ń tún àwọ̀n ṣe. Ìka wọn ń rìn lórí okùn láìjẹ́ pé wọ́n wò ó. Wọ́n ń bá a lọ títí eékún fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí.

"Ìyàwó, dìde."

"Mi ò ní dìde, Bàbá, àfi tí ẹ bá ní ẹ máa lọ."

"Mà á lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tèmi ló máa gbé mi dé Igbókòdá. Mi ò wọ ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì kankan. Bí wọ́n bá máa fi ọ̀bẹ kan ojú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìyókù rẹ̀ wo omi."

Mo béèrè ẹni tó máa bá wa wo ọ̀nà. Wọ́n ní ẹnì kan ń dúró dè wá níbi tí odò ti ṣẹ́rí lókè. Mo gbà. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ olọ́mọ ní ìṣirò, mi ò ṣírò ìyẹn rárá.

Ní ìdájí Ọjọ́rú la gbéra. Mo wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ń múni léfòó, èyí tí mo rà ní Àkúrẹ́ nítorí ìrìn àjò náà. Bàbá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ṣé ìrọ̀rí ni mo so mọ́ àyà. Ọkọ̀ wọn kò tóbi. Tapólì aláwọ̀ búlúù ni ìgbòkun rẹ̀, wọ́n fi àpò ìyẹ̀fun lẹ̀ ẹ́ níbi tó ti ya, ìdákọ̀ró Oǹdó sì dùbúlẹ̀ níwájú lórí okùn tí wọ́n ká jọ. Nígbà tí a dé ibi tí odò ti ṣẹ́rí, mo wò yíká. Kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀. Ìgbà náà ni bàbá fa okùn, ìgbòkun wú, ọkọ̀ sì sáré síwájú.

"Bàbá, ẹni tí ẹ ní ó ń dúró dè wá dà?"

"Òun ló ń tì wá lọ yìí."

Inú bí mi gan-an. Wọ́n fi ẹ̀rín pa á mọ́ mi lẹ́nu, wọ́n ní kí n jókòó síwájú kí n máa sọ ohun tí mo bá rí. Báyìí la ṣe lọ. Mo ní igi kan wó sínú omi lápá òsì, wọ́n yí àjẹ̀ díẹ̀. Mo ní àwọn kan na àwọ̀n síwájú, wọ́n béèrè bí ó ṣe jìnnà tó. Kí n má purọ́, nígbà tó yá ó dùn mọ́ mi. Kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì, omi nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Mo tilẹ̀ ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi.

A kúrò nínú odò, a bọ́ sójú ọ̀sà, ibi tí omi ti fẹ̀ tí èèyàn ò rí òdìkejì dáadáa. Bàbá gbé imú sókè.

"Ó ń bọ̀," wọ́n wí.

Mo wo ojú ọ̀run, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń darí ọkọ̀ lọ sẹ́bàá igbó ẹ̀gbà, àwọn igi tí gbòǹgbò wọn ń nà wọ inú omi, kí igbó náà lè bá wa gba díẹ̀ lára ẹ̀fúùfù tó ń bọ̀. Wọ́n ká ìgbòkun, wọ́n ju ìdákọ̀ró sómi, wọ́n sì ń tú okùn tẹ̀ lé e, ó gùn kọjá ohun tí mo rò. Mo ní ṣé omi náà jìn tó bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní rárá o, bí okùn bá kúrú, ńṣe ló máa fa ìdákọ̀ró tu nílẹ̀. Okùn gígùn ló ń jẹ́ kó dùbúlẹ̀ kó sì fi eyín bu ilẹ̀ jẹ. Wọn ò tíì sọ ọ́ tán tí ojú ọ̀run fi dúdú lápá òkè igbó.

Ẹ̀fúùfù náà ò fẹ́ bí ti Àkúrẹ́, tó máa ń wá pẹ̀lú òjò, tó máa ṣí páànù ẹnì kan kó sì kọjá. Eléyìí dé, ó sì jókòó. Láti bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ti ń ti ọkọ̀ wa sẹ́yìn, tí okùn sì ń fà á padà. Òòyì kọ́ mi, mo bì. Mo tún bì. Ojú tì mí pé mò ń bì níwájú bàbá ọkọ mi, ṣùgbọ́n èébì ò mọ àna.

"Má wo omi," wọ́n wí. "Gbójú sókè, wo ilẹ̀. Mo sì ní iṣẹ́ fún ẹ. Wo apá ẹ̀gbẹ́ wa, yan nǹkan méjì létí omi, kí ọ̀kan wà níwájú ìkejì bí ẹni tó tò sórí ìlà. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì tò bẹ́ẹ̀, a ò kúrò lójú kan. Bí wọ́n bá pínyà, irin ti tu, ìta gbangba ọ̀sà nìyẹn, ọkọ̀ kékeré kì í là á já níbẹ̀ lákòókò báyìí. Èmi ni mo máa ń wò ó tẹ́lẹ̀. Mi ò rí i mọ́, ìyàwó. Ìwọ lojú."

Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Ibi mẹ́ta lórí ìlà kan ṣoṣo, ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ lójoojúmọ́ nìyẹn. Mo yan òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ti ilé kan tí wọ́n ti pa tì, lọ́nà jíjìn. Níwájú rẹ̀, létí omi, mo yan erékùṣù kékeré kan tó tutù yọ̀yọ̀, tí ewé rẹ̀ ga. Wọ́n tò. Mo sọ fún bàbá pé wọ́n tò, wọ́n sì mi orí. Láti ìgbà náà mi ò gbójú kúrò níbẹ̀, èébì náà sì dáwọ́ dúró.

Ọ̀sán pọ́n, ẹ̀fúùfù ò rọ̀. Fóònù mi ò ní nẹ́tíwọ̀kì. Mò ń ka wákàtí nínú ọkàn mi: bí a ò bá kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, a ò ní bá ọkọ̀ ìdájí jáde ní Igbókòdá, a ò sì ní dé Àkúrẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Bàbá ṣe bí ẹni tó gbọ́ ohun tí mò ń rò.

"Ṣé o rí i báyìí, ìyàwó? Omi ti fèsì. Bí ó bá rọ̀, ká máa padà sí ulí."

Ulí ni wọ́n ń pe ilé. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ló dùn mí. Ohùn wọn fúyẹ́, bí ti ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ó wá yé mi pé wọn ò ní in lọ́kàn láti lọ rárá. Àwọ̀n ya, wọ́n ń ṣòkú, ó wá ku ẹ̀fúùfù. Bí mo bá la ẹnu mi, ohun tí ìyàwó kì í sọ sí bàbá ọkọ ló máa jáde. Ẹ̀fúùfù ń bà mí lẹ́rù, àmọ́ Ọjọ́bọ̀ tó fẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ yẹn bà mí lẹ́rù jù ú lọ.

Inú ìbínú yẹn ni mo wà nígbà tí ẹ̀fúùfù kan fẹ́ tó lágbára ju ti ìṣáájú lọ. Mo wo ìlà mi. Òrùlé páànù ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, erékùṣù sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí mo ṣe ń wò ó ni àárín wọn ń fẹ̀ sí i.

Gbogbo Yorùbá ilé ìwé tí mo mọ̀ fò lọ. "Mo gbé o! Ọma Oǹdó gbé o! Bàbá, a ti ń lọ!"

Bàbá ò bi mí léèrè nǹkan kan. Wọ́n fò síwájú, wọ́n gbá okùn mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á kíkankíkan kí wọ́n lè gbé ìdákọ̀ró náà jù síbòmíràn kí a tó bọ́ sí gbangba. Wọ́n ní kí n di àjẹ̀ mú. Mo dì í mú, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Okùn ń kóra jọ sí ẹsẹ̀ wọn, ó ń kúrú sí i, ó ń kúrú sí i. Lójijì wọ́n dúró. Wọ́n di okùn náà mú ní àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, wọ́n sì tẹ orí bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan.

"Ìyàwó, ghá. Fọwọ́ kan okùn yìí."

Mo rákò lọ bá wọn, mo fọwọ́ kàn án. Ó le gan-an.

"Irin tó bá ń rìn nílẹ̀, okùn rẹ̀ máa ń gbọ̀n. Eléyìí ò gbọ̀n. Kí lo yàn?"

"Òrùlé páànù, Bàbá."

"Ó dáa. Ìkejì ńkọ́?"

"Erékùṣù kékeré kan. Koríko ló wà lórí rẹ̀."

"Ó yọ òdòdó?"

"Ó yọ òdòdó, Bàbá."

"Àwọ̀ wo?"

"Ó jọ àwọ̀ àlùkò."

Bàbá tú okùn náà sílẹ̀ padà, gbogbo rẹ̀, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rín títí omi fi ń jáde lójú wọn. Ewéko orí omi ni. Kò ní ilẹ̀ kankan lábẹ́. Ó ti há sára gbòǹgbò ẹ̀gbà láti àárọ̀ ni, ẹ̀fúùfù wá já a kúrò. Mo wò ó, erékùṣù mi ti dé àárín ọ̀sà, ó ń lọ síbi tó ń lọ tòun tòdòdó. Bí ó ti wù kí a se ẹ̀bọ́lọ́ tó, kò ní ṣàì rùn ìgbẹ́. Ará òkè nìkan ló lè fi ohun tó léfòó ṣe àmì ilẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bàbá dá. Wọ́n ń fọwọ́ ra okùn náà.

"Díẹ̀ ló kù kí n tu irin yìí fúnra mi," wọ́n wí. "Ká ní mo tu ú, à bá ti tẹ̀ lé ewéko yẹn lọ."

Wọ́n fi okùn náà sílẹ̀.

"Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti rí ewéko yẹn kóo tó la ẹnu. Mo ń gbọ́ ẹ̀fúùfù, mo mọ òórùn òjò, mo mọ okùn. Mo rò pé ìyẹn tó." Wọ́n mi orí. "Kò tó. Ọma ọlọ́mọ ni ǹ bá fi ṣòfò."

Wọ́n wá jẹ́wọ́ fún mi. Àwọ̀n kankan ò ya. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ọ̀rẹ́ wọn kan lọ ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ níbìkan nígbà kan, òkùnkùn biribiri ló sì bá a wálé. Wọ́n ní bàìbàì tí àwọn ń rí yìí kéré, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn. Mi ò gbọ́ ọ rí kí àgbàlagbà ọkùnrin sọ fún mi pé ẹ̀rù ń ba òun. Gbogbo ìbínú ọjọ́ náà yọ́ kúrò nínú mi.

"Bàbá," mo ní, "omi ń ba èmi náà lẹ́rù, àárín rẹ̀ ni mo sì jókòó sí látàárọ̀."

Wọ́n tú ọ̀rá, wọ́n gé pupurú fún mi pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, wọ́n sì kọjú síbòmíràn kí n lè jẹun láìtijú. Nígbà tí mo jẹ tán, wọ́n ní kí n yan àmì mìíràn, kí n sì rí i dájú pé ó ní gbòǹgbò. Mo yan ọ̀pẹ kan. Mo wo ọ̀pẹ yẹn bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ni ẹ̀fúùfù náà rọ̀. Àwa méjèèjì la jọ fa ìdákọ̀ró náà, nítorí ó ti rì wọnú ẹrẹ̀ débi tí kò fẹ́ gbéra mọ́. Ó gòkè wá tòun ti ẹrẹ̀ dúdú, bàbá sì fi omi ṣan án, wọ́n gbá a lẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n ta ìgbòkun. Ọ̀tún ni Igbókòdá wà, òsì ni ọ̀nà ilé wọn. Mo di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, mo sì ń gbàdúrà láìyanu.

"Òrùlé páànù rẹ yẹn, apá ibo ló wà?"

"Apá òsì yín ni, Bàbá."

"Jẹ́ ká fi sẹ́yìn."

Wọ́n yí àjẹ̀, iwájú ọkọ̀ sì kọjú sí ọ̀tún. Mo bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí ló tún dé, ṣé mo tún rí erékùṣù ni.

A dé Igbókòdá kí ilẹ̀ tó ṣú. Fóònù mi rí nẹ́tíwọ̀kì, ọkọ mi sì kígbe mọ́ mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ń mí kanlẹ̀. A sùn sílé ìbátan wọn kan, a wọ ọkọ̀ ìdájí. Nígbà tí a ń gba Oǹdó kọjá, bàbá ní kí n bá àwọn kí alágbẹ̀dẹ yẹn tí mo bá rí i. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an ni dókítà ṣe ojú kan, ó ní ìkejì á tẹ̀ lé e láìpẹ́, kí òun tó lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n tú báńdéèjì. Bàbá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di ọwọ́ mi mú bí wọ́n ṣe di okùn mú lọ́jọ́ yẹn. Dókítà na ìka sókè níwájú wọn, ó ní kí wọ́n sọ iye tó jẹ́. Wọn ò wo ìka kankan. Wọ́n ṣẹ́jú, wọ́n tún ṣẹ́jú, wọ́n sì ń wo ìta láti ojú fèrèsé.

"Igi máńgòrò yẹn," wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ṣé ó ní gbòǹgbò?"

"Ó ní gbòǹgbò, Bàbá."

"Òrùlé pupa kan wà lẹ́yìn rẹ̀." Wọ́n wò ó pẹ́, orí wọn ò yí. "Wọ́n tò. A ò kúrò lójú kan."

Dókítà rò pé ọkàn wọn ti ń rìn gbéregbère. Ó yíjú sí mi, ó ní kí ni bàbá ń sọ.

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi. Mo ní, "Wọ́n ní àwọn ríran."